Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ "Ẹ Dúró"

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ọ̀gá Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn létí rẹ̀ tó "ẹ̀yin". Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì sọ "o" níbi tó yẹ kó sọ "ẹ", ojú rẹ̀ á wú, kò sì ní jẹ́ kí ẹni náà sinmi títí oṣù á fi parí. Iwájú rẹ̀ nìkan ló ti ń jẹ́ Ọ̀gá Ẹ̀yin o. Tó bá ti wọ yàrá tirẹ̀ tán, àwọn òṣìṣẹ́ á yọ àmì ohùn kúrò, á di Ọ̀gá Ẹyin, torí bí èèyàn bá fi ìka kàn án díẹ̀ báyìí, ó ti fọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ ètò sínú ọpọlọ ẹ̀rọ, èyí tó kéré bí èékánná, tó ń sọ fún líìfìtì ìgbà tí yóò gòkè, ìgbà tí yóò sọ̀, àti ìgbà tí yóò ṣílẹ̀kùn. Wọn kì í kó ètò tuntun sínú líìfìtì gidi láì dán an wò, nítorí èèyàn ló ń wọ líìfìtì, kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì. Inú Àfarawé ni wọ́n ti ń dán an wò. Àfarawé kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè fọwọ́ kàn. Òun náà jẹ́ ètò lórí kọ̀ǹpútà, tó ń ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni ọpọlọ líìfìtì: á máa tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, líìfìtì tí kò sí níbì kankan á sì máa gòkè máa sọ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ló kọ Àfarawé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ò lè kọ ohun tán pẹ̀lú òógùn ojú òun, kí òun wá máa fi èdè ẹlòmíì pàṣẹ fún un. Nítorí náà, èdè abínibí pọ́ńbélé ni gbogbo àṣẹ rẹ̀. "Dúró" ni wọ́n fi ń dá ètò dúró bí ohun tí wọ́n ń ṣọ́ bá ṣẹlẹ̀. "Wo" ni wọ́n fi ń yọjú sínú àpò ìrántí ọpọlọ náà. "Ẹsẹ̀ kan" ń mú un rìn ní ìṣísẹ̀ kan péré, kó tún dúró. "Máa lọ" ní tirẹ̀ ń ní kó tẹ̀síwájú, kó má wẹ̀yìn.

"Máa lọ" ni gbogbo ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ràn. Ọkùnrin tó kọ ètò líìfìtì, tí wọ́n ń pè ní Ó-Ti-Tán nítorí pé ìdáhùn kan ṣoṣo tó ní sí gbogbo ìbéèrè nìyẹn, á kọ "máa lọ", á dìde, á lọ po tíì. Tó bá padà dé tí líìfìtì ṣì ń gòkè ń sọ̀, á ní ó ti tán. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo "ẹsẹ̀ kan" níbẹ̀, obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa wá àṣìṣe nínú ètò. Á jókòó ti ìlà kan ṣoṣo bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Òun ni wọ́n sọ ní Ẹsẹ̀-Kan, kì í sì í ṣe láti fi yìn ín.

Ẹsẹ̀-Kan ní ìdí tí líìfìtì tuntun tí wọ́n ń dán ètò rẹ̀ wò lọ́wọ́ fi kàn án ju àwọn yòókù lọ. Ilé alájà mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ gbé e sí, àjà kẹfà sì ni màmá rẹ̀ ń gbé. Líìfìtì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin, ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Orúnkún màmá kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Ẹsẹ̀-Kan fúnra rẹ̀ ló bẹ àwọn onílé pé kí wọ́n ra ti ilé-iṣẹ́ òun. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa wá wò ó ní Àfarawé, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gbé e wọlé.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó ṣí Àfarawé láti tún un yẹ̀ wò de àlejò. Ó fẹ́ kọ àṣẹ kan, ni fóònù bá dún. Màmá rẹ̀ ni. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, ó ti dé àjà kẹrin, orúnkún ní òun ò lọ mọ́.

Màmá kì í pe èèyàn fún ohun kan ṣoṣo. Ó ròyìn orúnkún, ó ròyìn aládùúgbò tó ń da omi sórí àtẹ̀gùn, ó tún béèrè bóyá ọjọ́ Ẹtì yẹn dájú. Ọmọ rẹ̀ fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí, ó ń sọ pé, "Ẹ dúró ná, Màmá, ẹ dúró," ìka rẹ̀ sì ń tẹ kíbọọ̀dù lọ. Nígbà tó gbójú sókè, ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ni ọwọ́ rẹ̀ ti kọ. "Ẹ dúró bí àpótí bá ń lọ tí ilẹ̀kùn sì ṣí" ló wà níbẹ̀. Àpótí ni wọ́n ń pe yàrá kékeré inú líìfìtì tí èèyàn ń wọ̀. Àfarawé sì ti fún un lésì lábẹ́ rẹ̀: "Mi ò mọ àṣẹ yìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé, ó ro bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó fi rántí nǹkan kan. Ó sọ fún màmá rẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá pè é padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó rántí. Láràárọ̀, bí Àfarawé bá ti jí, fáìlì kan wà tó máa ń kọ́kọ́ kà, tí wọ́n ń pè ní Àṣẹ Àárọ̀. Ìlà méjìlá ni. Gbogbo ewu tí líìfìtì lè dá sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń sọ fún Àfarawé pé kó dúró bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀. Láyé Ọ̀jọ̀gbọ́n, "dúró bí, dúró bí" ló kún inú rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni àwọn àgbàlagbà kan wá ṣe àlejò, tí wọ́n fi iná ẹ̀rọ tan fáìlì náà sára ògiri fún wọn. Ọ̀gá Ẹ̀yin wo ògiri, ó wo àwọn àlejò lábẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní ó dà bí ẹni pé ọmọ kékeré ń pàṣẹ dúró, dúró fún àwọn bàbá tó bí i lọ́mọ. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ kọ gbogbo ohun tí àlejò máa rí. Ẹsẹ̀-Kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-iṣẹ́ ni, kò fẹ́ wàhálà, ó rẹ́rìn-ín sínú, ó sì lẹ "ẹ" mọ́ iwájú ìlà méjèèjìlá. Iṣẹ́ náà ò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí èèyàn bá kọ àṣẹ tí Àfarawé ò mọ̀ láti orí kíbọọ̀dù, á wí. Ṣùgbọ́n tó bá bá a nínú fáìlì, ńṣe ló máa ń fò ó láìfọhùn, nítorí Ọ̀jọ̀gbọ́n a máa kọ ìránnilétí ara rẹ̀ sínú fáìlì, irú bíi "ra òróró fún fáànù". Fún ọdún méjì gbáko, ìlà méjìlá tó yẹ kó máa ṣọ́ èèyàn ti di ọ̀rọ̀ òróró fáànù.

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé wọ́n gba oríyìn lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí "ẹ" ti wọ fáìlì, Àfarawé ò dúró mọ́ láé. Ọ̀gá Ẹ̀yin kó òṣìṣẹ́ jọ, ó ní ṣé wọ́n rí i, ọ̀wọ̀ ti lé àṣìṣe lọ. Ó ṣe àwo igi kan sára ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé "Ọ̀wọ̀ Ló Ń Lé Àṣìṣe", ó sì fún Ẹsẹ̀-Kan ní ìwé ìyìn. Ẹsẹ̀-Kan gbà á. Ó gbé e kọ́ sílé màmá rẹ̀ pàápàá.

Ó yọ "ẹ" kúrò nínú ìlà méjèèjìlá. Ó jí Àfarawé padà, ó kọ "máa lọ", ó ń tẹ bọ́tìnì líìfìtì orí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń kánjú. Kò pẹ́ rárá. Pátákó pupa yọ: "DÚRÓ. ÀPÓTÍ Ń LỌ. ILẸ̀KÙN ṢÍ."

Ó fi "ẹsẹ̀ kan" tọpa rẹ̀ títí ó fi rí ibi tó ti ń jò. Ètò Ó-Ti-Tán máa ń wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, á kọ "ó ti tì" sínú àpò ìrántí, kò tún ní gbójú sókè mọ́. Tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì ìṣílẹ̀kùn lẹ́yìn èyí, kí ẹ́ńjìnnì tó gbéra, ilẹ̀kùn á ṣí, ètò á sì máa ka ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ètò yìí ti pa ojú dé, ìwé ló fi ń ṣọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀-Kan ro màmá rẹ̀ wò, tí kì í yára wọ nǹkan, tí á na ọwọ́ tẹ bọ́tìnì kí ilẹ̀kùn má baà tì mọ́ òun, tí á gbé ẹsẹ̀ kan sínú, tí ìkejì ṣì wà níta. Inú bí i, ẹ̀rù sì bà á, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Ó-Ti-Tán. Ìyẹn ní ètò náà ti tán láti èṣí.

Ó wọlé tọ Ọ̀gá Ẹ̀yin lọ. Ó ṣàlàyé fún un ní pẹ̀lẹ́tù, gbogbo gbólóhùn ló fi "ẹ" sí, kò gbàgbé ẹyọ kan. Ọ̀gá gbọ́ ọ dé òpin. Kò béèrè nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn. Ohun tó béèrè ni pé ta ló kọ "ẹ" sínú fáìlì.

"Èmi ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́."

"Orúkọ tèmi wà lára rẹ̀?"

Orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ Ẹsẹ̀-Kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjìlá. Ọ̀gá ní ó dáa tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kó dá "ẹ" padà síbi tó ti yọ ọ́, kí àlejò wá, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, tó bá di oṣù tó ń bọ̀ wọ́n á ráyè tún ètò ṣe.

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbé e wọlé, sà. Màmá mi á wọ̀ ọ́."

"Sọ fún Màmá kó ṣì máa gba àtẹ̀gùn. Eré ìdárayá ni." Ó fa ìwé kan sún mọ́ra. "Máa lọ."

Ó jáde. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn. Tó bá dá "ẹ" padà, iṣẹ́ rẹ̀ á wà, màmá rẹ̀ á wọ líìfìtì. Tí kò bá dá a padà, gbogbo ayé á rí i pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa olùṣọ́ méjìlá lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ìgboyà ló borí. Irọ́ ni. Títí aago mọ́kànlá fi lù tí àlejò wọlé, kò tíì pinnu.

Mẹ́ta ni wọ́n. Onílé méjì tí wọn ò sọ̀rọ̀, àti Alága wọn, obìnrin arúgbó kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, tó fi okùn so awò ojú kọ́rùn. Ọ̀gá Ẹ̀yin kí wọn káàbọ̀ títí ìkíni fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wọn. Ó ní ẹ̀rọ òun nìkan ni wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó wá yí sí Ẹsẹ̀-Kan, ó ní kó fi hàn wọ́n.

Ìlà méjìlá bọ́ sára ògiri. Kò sí "ẹ" kan lára wọn. Ọ̀gá Ẹ̀yin wúkọ́. Alága gbé awò sójú, ó ń kà á sókè bí ẹni tó ń yẹ ìwé ọmọ ilé-ìwé wò.

"Dúró. Dúró. Dúró." Ó sọ awò kalẹ̀. "Ta lò ń sọ fún?"

"Ẹ̀rọ ni, Mà. Kò mọ ẹ̀yin. Tí mo bá bọ̀wọ̀ fún un, kì í gbọ́."

"Mo ti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí," ni Alága wí.

Ẹsẹ̀-Kan kọ "máa lọ". Líìfìtì orí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ní kí Alága bá òun tẹ bọ́tìnì ìṣílẹ̀kùn nígbàkúùgbà tó bá wù ú, bí ó ṣe máa ṣe nílé. Alága tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín. Alága tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, bí arúgbó ṣe ń pẹ́. Gbogbo ògiri pọ́n.

"DÚRÓ. ÀPÓTÍ Ń LỌ. ILẸ̀KÙN ṢÍ."

Ẹsẹ̀-Kan kọ "wo". Àpò ìrántí ní ilẹ̀kùn ti tì. Ó tún kọ "wo ilẹ̀kùn", kó lè fi ilẹ̀kùn gan-an hàn wọ́n. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ṣàlàyé fún wọn, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní ọdún méjì ni Àfarawé ò fi dúró fún ewu kankan, nítorí "ẹ" kan tó wà nínú fáìlì, àti pé òun lòun kọ ọ́.

"Máa lọ," ni Ọ̀gá Ẹ̀yin wí.

Ìka Ẹsẹ̀-Kan ti padà sórí kíbọọ̀dù. Ó ti kọ "máa l" kí ọ̀gá tó tún sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìwọ ni mò ń bá wí."

Ó kó fóònù rẹ̀ àti ife tíì rẹ̀ sínú báàgì. Ó-Ti-Tán ń wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀-Kan kọjá lábẹ́ àwo igi "Ọ̀wọ̀ Ló Ń Lé Àṣìṣe", ó sì rí i pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ àwo náà máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́, nítorí òun tó rí àṣìṣe ni wọ́n ń lé lọ.

Kò ní ibòmíì tó fẹ́ lọ ju ọ̀dọ̀ màmá rẹ̀. Bó ṣe wọ ìsàlẹ̀ ilé náà, ó gbọ́ ìró ọ̀pá lókè, àti ìró ẹni tó ń mí bí ẹni gbé ẹrù. Màmá ti ra búrẹ́dì tán, ó ti yà kí èèyàn bíi mẹ́ta lọ́nà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè padà. Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè láàárín àtẹ̀gùn, ó ké pè é.

"Màmá, ẹ dúró!"

Ìró ọ̀pá dákẹ́. Láti àárọ̀, Màmá ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ "ẹ dúró".

Ó bá a ní àjà kẹta, ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá wò ó lójú, ó ní iṣẹ́ wo ni wọ́n ń parí ní ọ̀sán gangan. Ọmọ rẹ̀ ní wọ́n ní kí òun máa lọ ni. Màmá béèrè nípa ọjọ́ Ẹtì. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ti yẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó pẹ́. Màmá pòṣé, ó wo àtẹ̀gùn tó kù, kò bú ẹnikẹ́ni. Omijé fẹ́ bọ́ lójú Ẹsẹ̀-Kan nítorí àìbú yẹn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fóònù fi dún. Ọ̀gá ni. Ẹsẹ̀-Kan gbé e sétí. Ohùn tó gbọ́ rọ̀ bí òwú. Alága ti kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé. Kò fà á ya o, ó ní òun á padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún ẹ̀rọ pé kó dúró níṣojú òun nìkan ni òun máa gbà kó sọ fún un pé kó máa lọ. Ó ní kí wọ́n lọ wá a.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀gá Ẹ̀yin wí. "Ẹ má bínú. Ẹ padà wá, kí ẹ wá bá wa tún un ṣe."

Ẹsẹ̀-Kan kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíì wà lórí ìlà. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó yé e pé òun, òun gan-an, ni ọkùnrin yìí ń pè ní ẹ̀yin.

"Ta nìyẹn?" ni Màmá béèrè.

"Ọ̀gá mi ni."

"Dá a lóhùn. Àgbàlagbà ni."

Àgbàlagbà ni lóòótọ́. Ẹsẹ̀-Kan náà sì mọ̀ pé òun á padà, nítorí kò sẹ́lòmíì nínú ilé-iṣẹ́ yẹn tí yóò jókòó ti ilẹ̀kùn náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tì dáadáa. Ṣùgbọ́n àjà mẹ́ta ṣì kù.

"Ẹ dúró, sà," ló wí.

Kò pa fóònù. Ó jù ú sínú báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá màmá rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹsẹ̀ kan, wọ́n sinmi. Ẹsẹ̀ kan, wọ́n sinmi. Ní àjà kẹrin Màmá jókòó. Ní àjà karùn-ún ó ròyìn aládùúgbò olómi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ rẹ̀ sì ń béèrè ìbéèrè tó máa mú ìròyìn náà gùn sí i. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn lókè, ó yọ fóònù jáde, ó gbé e sétí.

Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń mí. Ọ̀gá Ẹ̀yin ṣì dúró.